Ẹni Tí Ó Mú Àwọ̀n Dání

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tó ń ti ìrìnàjò ìpẹja wá ti ń yí lọ́kàn mi tí kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Àjọ International Game Fish Association, IGFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹja tó tóbi jù lọ tí ènìyàn ti fi ìwọ̀ pa láyé. Ẹ wo inú rẹ̀: ẹja kan, orúkọ kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1953, ní Cabo Blanco létíkun orílẹ̀-èdè Peru, Alfred Glassell pa black marlin kan, ẹja òkun ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kílò 707. Kò tíì sí ẹni tó borí rẹ̀ nínú ìwé náà. Orúkọ Glassell nìkan ló dúró síwájú ẹja yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹja tó wúwo ju ènìyàn mẹ́jọ lọ kì í ti ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo jáde lómi.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń rin ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn nítorí ẹja, ọ̀rọ̀ ẹja kì í pẹ́ tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì láti fi gígùn rẹ̀ hàn (ẹni tó mọ̀ wọ́n á ti yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀), lẹ́yìn náà ni ìtàn á yà sọ́dọ̀ ènìyàn. Atukọ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó yọ. Àjòjì kan tí wọ́n jọ pín ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọdún bá gorí ọdún, ìwọ̀n ẹja á ti pò pọ̀ mọ́ra lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì máa rántí bí ẹni náà ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ìwé ń rántí ẹnìkan, tí ọkàn sì ń rántí ẹlòmíràn?

Àwọn kan á ní ìrìnàjò ló ń sọ ènìyàn di ọ̀rẹ́, pé ibi tí a bá ti jọ jẹ, tí a jọ mu, tí òjò sì jọ pa wá, kò ní ṣaláìrí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà. Ọ̀pọ̀ ló ti jọ wọ ọkọ̀ kan náà fún ọjọ́ méje tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nígbà tí wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú bíi kan péré ni ọ̀rọ̀ náà wà, létí ọkọ̀, nígbà tí ẹja ti sún mọ́ tòsí.

## Àyè tí òfin fi sílẹ̀

Òfin IGFA le lórí ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́. Láti ìgbà tí ẹja bá ti gbé ìjẹ títí wọ́n á fi gbé e jáde tàbí tú u sílẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá, ríìlì tí a fi ń ká okùn, tàbí okùn náà fúnra rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, ẹja náà ti jáde nínú ìwé nìyẹn. Ìparí nìkan ni òfin fi sílẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́. Ó lè di líídà mú, ìyẹn okùn tó nípọn tó wà láàárín okùn ríìlì àti ìwọ̀. Ó lè ti àwọ̀n bọ omi. Ó lè fi ọ̀pá oníkọ̀ọ́ irin kọ́ ẹja. Nínú omi iyọ̀, bí okùn bá lágbára ju kílò 10 lọ, líídà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 9.14 lọ. Láàárín mítà mẹ́sàn-án yẹn ni ẹja ti ń di ti ènìyàn méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ni ìwé máa kọ.

## Ìṣẹ́jú àwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká fi marlin sílẹ̀, ká mú ẹja tó mọ níwọ̀n, kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí àwọ̀n ọlọ́wọ́ gbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti ń yí ikùn sókè. Ẹnìkan ló ni ọ̀pá, ẹnìkan ló mú àwọ̀n, ó sì lè jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara wọn.

Kí ẹja tó dé ni àwọ̀n ti gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ omi, kó sì dúró láìmì. Àwọ̀n kì í lé ẹja. Ẹja là ń fà wá sórí àwọ̀n. Orí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, nítorí iwájú ni ẹja ń sá sí: bí àwọ̀n bá kan orí rẹ̀ tó sì fẹ́ sá, inú àwọ̀n náà ló máa sá wọ̀. Bó bá jẹ́ ìrù ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, á ta síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀, okùn ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi na àwọ̀n tẹ̀lé ẹja tó bá yà lọ. Á fa àwọ̀n sẹ́yìn, á ní kí wọ́n jẹ́ kó tún yí po lẹ́ẹ̀kan sí i. Lóru, kì í ṣàdédé tan tọ́ọ̀ṣì sójú omi, nítorí ẹja tó ti gbà tẹ́lẹ̀ á tún jí.

Ẹni tó ni ọ̀pá ní iṣẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì pọ̀ sí. Kò gbọdọ̀ ká okùn tán. Okùn tó kù láti ṣónṣó ọ̀pá dé ẹnu ẹja yẹ kó tó gígùn ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Bó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kókó tó so líídà mọ́ okùn á wọ òrùka ṣónṣó ọ̀pá, á há síbẹ̀, bí ẹja bá sì tún sá, kò sí ohun tí yóò jáde. Bíréèkì ríìlì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹja fa okùn jáde bó ṣe wù ú, tí a ti wọ̀n láti ilẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí okùn fi ń já, yẹ kó tún dẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹja bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Okùn nylon tó gùn ní ọgbọ̀n mítà máa ń nà, ó ń bá wa gba ìpayà ẹja mọ́ra. Mítà méjì kò ní nínà tó lè ràn wá lọ́wọ́. Okùn tí wọ́n hun fẹ́rẹ̀ẹ́ má nà rárá. Ẹja tó ti jà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjá okùn lè já a níbí kí a tó ṣẹ́jú.

Bí ó bá ti ṣetán, á sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, á gbé ọ̀pá sókè, orí ẹja á yọ sójú omi, á sì máa rá bọ̀ wá sórí àwọ̀n. Ẹni tó mú àwọ̀n á gbé e. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹja bá ti wà nínú rẹ̀, ọ̀pá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí okùn sì tú. Àwọn kan ṣì máa ń fà nígbà yẹn nítorí ayọ̀. Ìwọ̀ á yọ, á sì fò padà sójú ẹni tó tẹ̀ síwájú. Bó bá sì jẹ́ pé ìjẹ àtọwọ́dá tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì ni wọ́n lò, ìwọ̀ tó wà níta lè kọ́ okùn àwọ̀n kí ẹja tó wọlé tán. Ẹja á so rọ̀ létí àwọ̀n, á jà lẹ́ẹ̀kan, ó di ìlú òmíràn. Àwọ̀n onírọ́bà dín èyí kù, kì í sì í bó ìpẹ́ ẹja tí a fẹ́ tú sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn méjèèjì ti fi lélẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀pá ti sanwó ọkọ̀ òfurufú, ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta dúró de kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn báyìí. Ẹni tó mú àwọ̀n kò ní èrè kankan níbẹ̀. Bí ẹja bá wọlé, ẹlòmíràn ló pa á; bó bá bọ́, òun ló jẹ́ kó bọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ya fọ́tò, òun náà ni wọ́n máa fún ní fóònù, nítorí náà kò ní sí nínú fọ́tò. Ẹni tó bá gbà láti di àwọ̀n mú fún àjòjì ti gbà láti jẹ ẹ̀bi láìjẹ iyì.

Tí ẹja bá tóbi gan-an, ọ̀rọ̀ á kọjá ẹ̀bi. Ẹni tó ń di líídà marlin mú á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, á wé líídà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ́nà tí yóò fi lè tú u lójijì bó bá ní láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹsẹ̀, kó má tẹ inú ìká líídà tó wà nílẹ̀ ọkọ̀. Ẹja ti fi irú ìká bẹ́ẹ̀ fa ènìyàn ju sómi rí. Bó bá ti dì í mú, kí ẹni tó ni ọ̀pá dẹ bíréèkì kíákíá, nítorí bí ọwọ́ bá fi líídà sílẹ̀ tí bíréèkì sì le, okùn á já.

## Kí a tó wá ẹlẹ́bi

Ó bọ́. Àwọ̀n ṣófo, okùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi, nítorí ohun tí ẹnu ẹni tó ni ọ̀pá bá kọ́kọ́ sọ níbí ni àjọṣe ọ̀sẹ̀ yẹn máa dúró lé, bóyá ti ogún ọdún pàápàá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìmọ̀ràn mi kò ní ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú: ẹ kọ́kọ́ wo ojú okùn. Ojú okùn kì í purọ́, ó sì máa ń dá ẹni tó mú àwọ̀n láre ju bí a ṣe rò lọ. Bí ìparí okùn bá ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, kókó ló yọ. Ẹni tó ta á ló ni ẹjọ́. Bó bá já geere bí ohun tí a fi abẹ gé, eyín ẹja tàbí ìpẹ́ mímú ló gé e, wáyà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ara okùn bá rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, tó ṣí bíi òwú, òkúta tàbí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ti ń yún un tipẹ́. Bí ìwọ̀ bá padà wá pẹ̀lú ẹnu tó ti ṣí gbọọrọ, bíréèkì ti le jù, tàbí kí ìwọ̀ náà kéré fún iṣẹ́. Bí ìwọ̀ bá padà láìní àbùkù, kò wọlé dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ihò tó dá sí ẹnu ẹja á ti fẹ̀ bí ìjà ṣe ń pẹ́, dídẹ̀ okùn díẹ̀ péré ló sì kù. Ohun kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bi àwọ̀n: kí okùn já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí etí àwọ̀n kàn án tàbí tí ó gbá ẹja nírù.

Nígbà tí wọ́n bá ń jọ yẹ ojú okùn wò, tí orí méjèèjì tẹ̀ síbì kan, ìbínú á ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó ni ọ̀pá sọ ohun tó rí. “Kókó mi ló yọ.” Bó bá sì jẹ́ pé àwọ̀n ló ṣẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó mú un ti mọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. “Ó yá, tún ìjẹ mìíràn fi síbẹ̀” tó. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí a kò bú nígbà tó retí èébú kì í gbàgbé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹja tó bọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu rere sọ. Ó dáa. Àmọ́ kí wọ́n bi ara wọn pé, bí ẹja kejì bá dé ní wákàtí kan sí i, irú ọwọ́ wo ni wọ́n fẹ́ kó wà nídìí àwọ̀n: èyí tó ń gbọ̀n, àbí èyí tó balẹ̀?

## Aago méjìlá ni iwájú ọkọ̀

Ọ̀rẹ́ tí kò ní èdè àjùmọ̀sọ pọ̀ nínú ìrìnàjò ìpẹja, pàápàá láàárín àlejò àti amọ̀nà. Ní ibi tí omi kò jìn, bíi àwọn ilẹ̀ iyanrìn abẹ́ omi ní Kiritimati, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, ní Bahamas àti ní Belize, ojú ni wọ́n fi ń wá bonefish, ẹja kan tó máa ń jẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó ju ìjẹ. Amọ̀nà ló máa kọ́kọ́ rí i. Báwo ni yóò ṣe fi han àlejò láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún? Aago ni wọ́n ń lò. Iwájú ọkọ̀ ni méjìlá, ọ̀tún ni mẹ́ta, òsì ni mẹ́sàn-án. “Mọ́kànlá, mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń lọ sósì.”

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí àlejò rò pé iwájú òun fúnra rẹ̀ ni aago méjìlá. Ó ti yí ara sápá kan, amọ̀nà ń ka aago láti imú ọkọ̀, ìjẹ á balẹ̀ síbi tí ẹja kò sí, tàbí kó bọ́ lé ẹja lórí, gbogbo agbo á sì tú ká. Ìṣòro kejì ni jíjìn: mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ẹnìkan lè jẹ́ ogún ti ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí àlejò ju okùn lẹ́ẹ̀mejì sójú omi tó ṣófo, kí amọ̀nà sì sọ iye tó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tí amọ̀nà bá pè é ló jẹ́ òtítọ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí a bá lábà ni baba. Bí ẹja bá wá yọ, kí àlejò kọ́kọ́ na ọ̀pá sí ìhà tó gbọ́, kí amọ̀nà tọ́ ọ sósì tàbí sọ́tùn-ún títí yóò fi ní “ibẹ̀”, kó tó jù ú, ní bíi mítà kan tàbí méjì síwájú ibi tí ẹja ń lọ.

Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹta, amọ̀nà tó dáńtọ́ kì í pe aago mọ́. Ó ti mọ bí àlejò ṣe ń jù, á kàn yí ọkọ̀ kí ẹja bọ́ sápá tó rọrùn fún un, nítorí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju okùn máa ń rí i dáadáa jù bí ẹja bá wà lápá òsì iwájú ọkọ̀. Àlejò lè má tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ṣe é lóore.

Irú àwọn ọkọ̀ yìí tún dára fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní Bimini, ní Bahamas, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ni Ansil Saunders, tó tún jẹ́ akànkọ̀. Ní 1964, òun ló fi ọkọ̀ gbé Martin Luther King wọ inú igbó igi ẹ̀gbà, níbi tí King ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nígbà tó bá gba ẹ̀bùn Nobel. King tún padà wá ní 1968, ọdún tí wọ́n pa á. Kì í ṣe ẹja ló gbé King débẹ̀ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ, ẹ́ńjìnnì tó ti kú, ọ̀pá gígùn tí a fi ń ti ọkọ̀, àti ẹni tó mọ ìgbà tí kò yẹ kí ẹnu sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń sún mọ́ bonefish.

## Ta ló kàn?

Láàárín àlejò méjì tó pín ọkọ̀, ìjà lórí ìgbà tí ó kàn ẹnìkọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ìjà lórí owó lọ. Ibi kan ṣoṣo ló wà níwájú ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní “ẹni tó bá pa ọ̀kan kó bọ́ sẹ́yìn”, ẹni tí kò mọ okùn jù dáadáa á gba iwájú títí oòrùn á fi wọ̀. Bí wọ́n bá ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ẹja á yọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀: ẹja kan, tàbí àǹfààní méjì tó bàjẹ́, tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Kí wọ́n sọ ọ́ létí omi kí ọkọ̀ tó kúrò, kí amọ̀nà gbọ́, kó jẹ́ òun ni yóò máa pè é. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ìwà pẹ̀lẹ́. Ìwà pẹ̀lẹ́ máa ń tán ní nǹkan bí ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ẹni tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ máa sùn ṣá o. Òun ló ń ṣọ́ okùn tó wà nílẹ̀ kó má bàa wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹni iwájú, òun ló ń wo òdìkejì tí amọ̀nà kò wò. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ẹni tí ẹ lè tún bá rìnrìn àjò.

## Ẹni tí à ń sanwó fún

Ìbéèrè tí mi ò lè fò nìyí: ṣé a lè pe amọ̀nà ní ọ̀rẹ́ nígbà tó jẹ́ pé owó ló gbé e wá? Gregorio Fuentes ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n bí i ní 1897 ní erékùṣù Lanzarote, ó sì di ẹni tó ń tọ́jú Pilar, ọkọ̀ ìpẹja Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ní Cuba, láti 1938. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn méjì yìí ṣe é kọjá ogún. Hemingway kú ní 1961. Fuentes gbé ayé títí di 2002, ó ti pé ẹni ọdún 104. Ní Cojímar, ìlú etíkun tí Pilar máa ń gúnlẹ̀ sí, àwọn apẹja kó irin ara ọkọ̀ wọn jọ kí wọ́n lè yọ́ ọ fi rọ ère orí Hemingway. Kò sí ẹni tó sanwó fún wọn kí wọ́n tó ṣe ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má ṣe fi ìtàn rere bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbowó lè máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni ìbáwí: ṣé amọ̀nà lè sọ fún àlejò pé ó fa ìwọ̀ jù yá, pé kó tún kókó yẹn ta, pé ojú ọjọ́ kò dára kí wọ́n má jáde lónìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọjọ́ náà á bọ́ lọ́wọ́ òun? Amọ̀nà tó ń dá ọkọ̀ dúró sílé nítorí ìgbì kò fi ìrẹ́pọ̀ ta ọjà. Ẹ̀mí yín ló fi ṣíwájú owó rẹ̀. Àlejò tó bá wá ń bínú sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni owó ṣì ń dà láàmú.

Àwọn kan wà tí owó kò sí láàárín wọn rárá. Izaak Walton, tí wọ́n bí ní 1593, àti Charles Cotton, tí wọ́n bí ní 1630, jọ ń pẹja ní odò Dove, níbi tí Derbyshire àti Staffordshire ti pààlà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 37 ló wà láàárín wọn. Bàbá ni Cotton ń pè é. Walton dáńtọ́ nínú fífi ìjẹ pẹja, Cotton sì mọ fífi eṣinṣin àtọwọ́dá, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n ṣe kó jọ kòkòrò, pẹja nínú omi tó mọ́ gaara. Nígbà tí The Compleat Angler, ìwé tí Walton kọ lórí ẹja pípa, tún máa jáde ní 1676, Cotton ló kọ apá tó sọ nípa eṣinṣin, nítorí ohun tí àgbà kò mọ̀ tó, ó jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Cotton kọ́ ilé kékeré kan létí odò náà fún àwọn apẹja. Ọdún 1674 wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì tí wọ́n gbẹ́ wọnú ara wọn.

## Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀

Ohun tó ń ba àjọṣe yìí jẹ́ lẹ́yìn ìrìnàjò sábà máa ń jẹ́ fóònù. Fọ́tò ẹja lè gbé nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀, òkè tàbí òpó iná tó wà lẹ́yìn náà sì lè tú àṣírí ibẹ̀. Ibi tí amọ̀nà mú yín lọ ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ẹ pa àmì ibi tí ẹ wà nínú kámẹ́rà kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò kí omi nìkan wà lẹ́yìn, ẹ sì bèèrè kí ẹ tó dárúkọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rí ọkọ̀ àjèjì mẹ́ta níbi tó ti ń pẹja ní oṣù tó tẹ̀ lé e kò ní bínú sí àwọn àjèjì náà. Ó mọ ẹni tó sọ.

Ẹ ya fọ́tò amọ̀nà náà pẹ̀lú ẹja. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹja wà nínú àwọ̀n lábẹ́ omi, kí ẹni tó máa yà á ti ṣetán, kí wọ́n gbé e sókè fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn lè fi sé èémí, kí wọ́n sì dá a padà. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ bèèrè nǹkan ni ẹ máa tó rántí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹrù sílẹ̀ fún un, ẹ bi í ní ohun tó ń ya lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ ẹ̀mú tí kì í dípẹtà, ó lè jẹ́ líídà odidi kan tí wọn kò tíì tú, tàbí awò tó ń gé dídán oòrùn lójú omi. Ìwọ̀ àjẹkù tó ti pupa nínú àpò kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìdọ̀tí yín ni ẹ ń gbé fún un.

Tí ẹ bá fẹ́ padà, ẹ kọ̀wé sí i kí ẹ tó sanwó yàrá. Àwọn amọ̀nà máa ń yí ibi iṣẹ́ padà, àwọn tó dáńtọ́ sì ti ní àlejò lórí ìwé láti ọdún tó kọjá. Ẹ bi í ní ọ̀sẹ̀ tí ìṣàn omi òkun dára jù fún ohun tí ẹ fẹ́ pa, ẹ sọ òótọ́ fún un nípa bí ọwọ́ yín ṣe mọ okùn jù tó, kí ẹ sì sọ ẹni tí ẹ ń mú bọ̀. Bó bá ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ mú kò dára, ẹ yí ọ̀sẹ̀ padà.